Ìkúùkù Láìsí Ariwo

Èmi ni ìyálé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí bí ẹ bá rí ìyálé tó ń yin ìyàwó, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tó lè pa mọ́ra.

Agathe ni orúkọ ìyàwó mi. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Mossi ni ìyá rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ló sì lọ. Nígbà tí Alájì Láwàl, ọkọ wa, mú un wọ ilé wa ní Zangouettin, àdúgbò àwọn àlejò nílùú àwọn Mossi, mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé èyí kò ní lè gbé ọbẹ̀ kaná láìwo ìwé. Ó gbé ọbẹ̀ kaná, ọbẹ̀ náà sì dùn. Ó tún mọ aṣọ tà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Àríyọ̀, dàgbà tó ẹni tó ń lọ ilé-ìwé, kò tíì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe adití o. Bí ẹnì kan bá ń tú bébà súìtì ní yàrá kejì, yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni ń pe ògiri ni. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lójú títì, á di etí, á sì máa forí lu ilẹ̀. Lónìí àwọn dókítà ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní autisme. Nígbà náà, nígbà tí Sankara ń ṣe ìjọba, orúkọ tí àwọn aládùúgbò fún un kò ṣeé sọ lójú ìyá ọmọ.

Agathe kò gbé ọmọ rẹ̀ pamọ́. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó, títí ó fi rí i pé ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ náà ni pé kò mọ ohun tó kàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá dì mú máa ń dúró. Nítorí náà, kí wọ́n tó wẹ̀, Agathe á fi kànrìnkàn lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n tó jẹun, á fún un ní ṣíbí. Bí ó bá jẹ́ ọjà Rood Woko ni wọ́n ń lọ, ègé aṣọ ni. Ọmọ tí a máa ń wọ́ tuurutu bí ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀, ó ń rìn níwájú wa. Mo sunkún ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Bí ó bá mọ sí ilé wa ni, ìtàn ìbá ti parí. Ṣùgbọ́n Agathe ní àwọn oníbàárà ní abúlé kan tó kọjá àdúgbò Tanghin, lẹ́yìn ìlú, tí ó máa ń gbé aṣọ lọ fún lórí alùpùpù rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ibẹ̀ ló ti pàdé Haoua, tó ń ta ẹ̀pà. Haoua ní ọmọbìnrin kan, Kadi. Okùn ni wọ́n fi so Kadi mọ́ igi lẹ́sẹ̀. Ẹ má tíì bú Haoua. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí kànga rí, ìyá rẹ̀ kò sì ní ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ bí ó bá lọ sóko.

Agathe jókòó sábẹ́ igi náà pẹ̀lú Kadi. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kànrìnkàn. Lọ́jọ́ ọjà mìíràn, ọ̀rọ̀ ṣíbí. Nígbà tó yá, wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ Kadi. Àwọn ìyá mìíràn gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ tí a kò mọ̀ pé wọ́n bí jáde láti inú ilé. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ìyàwó mi, tí n kò rò pé ó mọ ju Faransé lọ, di ẹni tí odidi abúlé ń retí lọ́jọ́ ọjà.

Ṣùgbọ́n òjò ti ń ṣú. Abẹ́ igi kì í gba ọmọ lọ́wọ́ òjò, àsìkò oko sì ti dé. Haoua sọ ọ́ láìfi bò: "Bí kò bá sí ibi tí a lè kó wọn sí kí a máa pín wọn ṣọ́, màá tún so ó."

Ibi kan sì wà. Ìjọba ti ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé ìtọ́jú tirẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ti fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n, ní ọ̀kánkán igi tí wọ́n máa ń so Kadi mọ́. Yàrá méjì ni, àpò sìmẹ́ńtì nìkan ló wà nínú ọ̀kan. Agathe tọrọ yàrá náà lọ́wọ́ Raymond, tó jẹ́ aṣojú CDR, ìgbìmọ̀ Révolution, ní abúlé náà. Raymond ní ilé àwọn ènìyàn ni, kí àwọn ènìyàn wá dìbò. Kó tó di ọjọ́ ìpàdé, àwọn kan ti ń sọ pé obìnrin Nàgó kan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, fẹ́ kó àwọn wèrè sí ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́.

Alájì gbọ́, àyà rẹ̀ já. "Àlejò ni wá nílùú yìí," ó wí fún mi. "Ìyá Sàídù, tẹ̀lé e lọ. Di ẹnu rẹ̀ mú."

Bí mo ṣe sanra tó yìí, mo gun ẹ̀yìn alùpùpù. Agathe ní, "Ìyálé mi, ẹ dì mí mú dáadáa o." Mo ní kó wo iwájú rẹ̀.

Níwájú ilé ìtọ́jú ni èrò jókòó sí. Kadi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú mi ti ń dùn. Ni Raymond bá dìde, ó na ìkúùkù sókè bí wọ́n ṣe máa ń ṣí gbogbo ìpàdé láyé ìgbà náà, ó sì kígbe: "La patrie ou la mort!" Ilẹ̀ bàbá ẹni tàbí ikú.

Gbogbo èrò na ìkúùkù, wọ́n bú sí i pé, "Nous vaincrons!" A óò ṣẹ́gun.

Kadi figbe ta. Ó fò dìde, ó da omi tí wọ́n gbé síwájú àwọn àgbà nù, ó sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ́jú, ó sì ń forí lu ògiri. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀lé e. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Raymond mi orí. "Vous voyez, ẹ rí i, camarade? Ṣé èyí la fẹ́ kó sínú ilé ìtọ́jú?"

Agathe dìde. "Camarade délégué, ariwo ló ń dẹ́rù bà á. Ẹ jẹ́ ká tún ìpàdé ṣí láìsí ariwo."

Raymond sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èyí sì burú ju igbe lọ: "Ìwọ àlejò fẹ́ pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́?"

Mo fa ìró Agathe, kò jókòó. Ó na ìkúùkù rẹ̀ sókè, ó pa ẹnu dé, òun nìkan láàárín gbogbo èrò. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, síbẹ̀ kò sọ ìkúùkù náà kalẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Alájì ní kí n di ẹnu rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì ti dí. Mo dìde, mo na ìkúùkù tèmi.

Haoua na tirẹ̀ láti ìdí ògiri. Àwọn ìyá tó kù tẹ̀lé e. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Láyé ìgbà náà, bí ìkúùkù bá ti lọ sókè, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ tirẹ̀ nílẹ̀? Wọ́n na tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Raymond. Aṣojú Révolution kò lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kò na ọwọ́. Òun náà nà án, ó gbé igbe mì.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Kadi dákẹ́ igbe. Ó yọjú, ó wo gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn, ó sì rìn wá láàárín èrò títí dé ọ̀dọ̀ Raymond. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo ojú Raymond.

"Kí ló ń wá?" Raymond béèrè.

Haoua, tí kò sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rí, dá a lóhùn: "Ó ń bi ọ́ pé níbo la ń lọ."

Raymond wo ọmọ náà, ó wo àwọn èrò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ́jú jáde. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé Kadi lọ́wọ́.

Láti ìdí igi tí wọ́n ń so ó mọ́, ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ti ń wò bí wọ́n ṣe ń fi í ṣí ilẹ̀kùn. Ó dì í mú. Ó yí padà, ó rìn tààrà lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, ó sì dúró dè wá. Raymond tẹ̀lé e, Haoua tẹ̀lé e, gbogbo wa dìde, a ń lọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wọn. Agathe di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Kò sí ẹni tó rántí pé a kò tíì dìbò.