Àmì Ilé Káfíńtà

Káfíńtà dojú bẹ́ǹṣì tuntun kan dé, ó fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó yí òmíràn, bákan náà ni. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, iṣẹ́ kan kì í jáde ní ìsọ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n fi irin gbígbóná tẹ àmì ilé sí i lábẹ́. Ọ̀la sì ni àwọn bẹ́ǹṣì yìí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọ̀gá, ṣé o gbàgbé ni?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó kan àwọn bẹ́ǹṣì náà, ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ìlẹ̀kùn tó há tí kì í ṣí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò gbàgbé, bàbá mi."

Ó ń gbá èérún pákó lọ, kò wòkè. Ó là á sílẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti wá kìlọ̀ fún òun: àmì yẹn, ti ẹ̀jẹ̀ ni, kí ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ má fọwọ́ kàn án.

Káfíńtà ń wo ọwọ́ ọmọ náà. Ọmọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbà nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ìfági ló ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lónìí, orí tábìlì tó kàn ni àwọn ọmọ iléèwé ń kọ̀wé lé. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí ìyá wọn kú ní òpópónà kejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà wọ́n.

Nírọ̀lẹ́, alàgbà wá wo iṣẹ́. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ó mi ara síbí, ó mi ara sọ́hùn-ún, bẹ́ǹṣì náà kò dún. Ó ní iṣẹ́ náà dáa, òun ò ní purọ́.

"Àmọ́ àbúrò, tó o bá fa àmì ilé lé e lọ́wọ́, kí la fẹ́ wí fún ẹbí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wa ní Bíbélì. Èmi àti ẹ̀yin, ta ló bí wa sílé Ọlọ́run? Ṣebí ńṣe ló gbà wá ṣọmọ. Ṣé ó wá fi orúkọ rẹ̀ dù wá ni?"

Ìyàwó Káfíńtà sọ̀rọ̀ wọlé láti ẹnu ọ̀nà pé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá le tó yẹn, kí bàbá jọ̀ọ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì ọmọ òun. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu alàgbà, kò mọ̀gbà tó dìde.

Káfíńtà ti ki irin bọná. Nígbà tó pọ́n, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ò gbà á, alàgbà ló ń wò.

Alàgbà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá orí bẹ́ǹṣì kan mú, ó sì ní kí àbúrò òun mú orí kejì. Àwọn méjèèjì dojú rẹ̀ dé síwájú ọmọ.

"Má jẹ́ kó wọ́ o," alàgbà wí.

"Kò ní wọ́, bàbá àgbà."

Ó gba irin, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Èéfín rú bo ojú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Káfíńtà ò yíjú kúrò. Orí rẹ̀ ń wú.