Ohùn Tó Ń Jáde Lára Ògiri

Oyèníran kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Kánádà tó fi ra kámẹ́rà kan. Ó fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ wálé, ọ̀rẹ́ náà sì kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ ilé wọn ní Gowon Estate, lókè tẹlifíṣọ̀n, níbi tó ti lè máa wo pálọ̀ àti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ohun tó sọ fún Súmbọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni pé torí màmá òun ni. Màmá ní àtọ̀gbẹ, àgbà sì ti dé sí wọn. Bí Súmbọ̀ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Ìkòtún, Màmá nìkan ló ń ṣẹ́kù sílé. Súmbọ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Kò bá a jiyàn.

Ohun tí Oyèníran kò sọ fún un ni pé kámẹ́rà náà ń sọ̀rọ̀.

"Súmbọ̀, aṣọ wo lo wọ̀ yẹn?" Ohùn ọkọ rẹ̀ á kàn ṣàdédé jáde lára ògiri, á máa há bíi ti rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. "Súmbọ̀, ta ló kan ilẹ̀kùn?" "Súmbọ̀, kí ló dé tó o fi pẹ́ báyìí?" Lọ́jọ́ kan, jìnnìjìnnì bò ó débi pé abọ́ ọbẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe di pé inú yàrá ló ti ń jẹun nìyẹn. Tó bá fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀yìn ilé ló ń lọ, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Màmá gan-an kò fẹ́ràn ẹ̀. "Mi ò lè ṣí orí sílẹ̀ nínú ilé mọ́," wọ́n á sọ, wọ́n á wá gbé fìlà funfun tí wọ́n ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn dé sórí.

Ọ̀rọ̀ wá le lọ́jọ́ tí fíríìjì bàjẹ́. Sódìq, aládùúgbò wọn tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló máa ń tún fíríìjì ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì dàgbà ju Oyèníran lọ dáadáa. Ó ti tú ẹ̀yìn fíríìjì, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, Súmbọ̀ ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ni ohùn náà bá jáde.

"Ìwọ yìí, dìde níbẹ̀! Kí lò ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi?"

Sódìq wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rò pé ẹnìkan ló wọlé.

"Mo ní kó o dìde! Ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí tí mi ò bá sí níbẹ̀. Má jẹ́ n rí ẹ níbí mọ́."

Sódìq kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbójú sókè títí tó fi jáde. Láti ọjọ́ náà, Hamdalah ìyàwó rẹ̀ kò dá Súmbọ̀ lóhùn mọ́ tó bá kí i. Súmbọ̀ bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fóònù títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n Oyèníran ní òun ò rí ohun tí òun ṣe tí kò dáa.

"Tó ò bá ní nǹkan tó ò ń fi pa mọ́," ó ní, "kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù lára kámẹ́rà?"

Látìgbà yẹn, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wọn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Súmbọ̀ wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó rí i pé Oyèníran ni. Kò gbé e. Ó tún dún. Ó yí i dojú dé. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìbínú gbé e.

"Kí tún ni?"

"Súmbọ̀, mò ń rí ẹsẹ̀ Màmá."

"Ẹsẹ̀ báwo?"

"Ẹsẹ̀ wọn nìkan. Ó nà síta lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ìyókù ara wọn wà nínú. Mo ti pè wọ́n, mo ti pariwo. Wọn ò mira. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, mo ní kí n wo ilé, ẹsẹ̀ ni mo rí. Súmbọ̀, jọ̀ọ́."

Súmbọ̀ kò mọ ìgbà tó ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Ó sáré bọ́ síta, ó dá ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó rí dúró. Bí wọ́n ṣe kọrí sí ọ̀nà Ìdímù, tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú lójú, ló rántí. Láàárọ̀, Màmá gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ wọn lójú rẹ̀. Nígbà tó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú wọn, wọ́n ní kó bo oúnjẹ náà, àwọn á jẹ ẹ́ tó bá yá. Ààwẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń gbà lọ́sẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́ yẹn tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ pátápátá, kò sì ní í pẹ́ tí ẹ̀mí á fi bọ́.

Ìkòtún sí Gowon Estate kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibí. Ẹni tó sún mọ́ Màmá jù lọ wà ní òdìkejì títì, Súmbọ̀ sì mọ ẹni náà.

Ó pe Hamdalah. Kò gbé e. Ó tún un pè.

"Kí le fẹ́?" Hamdalah ní.

"Àǹtí Hamdalah, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ẹ̀gbọ́n Sódìq wà nílé?"

"Wọ́n wà nílé. Àmọ́ wọn ò ní wọ ilé yín mọ́. Ọkọ yín ló ní kí wọ́n má wọ̀ ọ́."

"Màmá ti ṣubú! Wọn ò mira. Ẹ gbà mí, àwọn nìkan ló wà nínú ilé."

Ohun tí Súmbọ̀ gbọ́ ni ìró bàtà tó ń sáré, lẹ́yìn náà, ìró ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbá. Súmbọ̀ fa Oyèníran mọ́ ìpè náà kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ máa gbọ́ ara wọn.

"Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í látinú," Sódìq ní. Ó ti gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Irin wà lójú wíńdò gbogbo. Àfi kí n já ilẹ̀kùn."

"Ẹ já a!" Súmbọ̀ pariwo.

"Rárá o." Ohùn Sódìq balẹ̀, ṣùgbọ́n ó le. "Kámẹ́rà wà nínú ilé yìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé olè ni mí. Kí ọ̀gá tó ni ín fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, kí àwọn ará àdúgbò tó dúró síbí gbọ́."

Súmbọ̀ gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí. Ó fẹ́ figbe ta, ó fẹ́ bú u, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ ṣe. Nígbà náà ni ohùn Oyèníran jáde láti ọ̀nà méjì, nínú fóònù àti lára ògiri pálọ̀, ó rinlẹ̀ débi pé àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ já a. Ẹ bá mi gba màmá mi."

Irin kọlu irin. Ó tún kọlù ú. Igi ya. Hamdalah ké "Allāhu Akbar!"

"Ṣé wọ́n ń mí?" Súmbọ̀ bi Hamdalah.

"Wọ́n ń mí. Òógùn ti bò wọ́n, ara wọn tutù. Ẹ jẹ́ n bu omi sí wọn lẹ́nu."

"Ẹ má fún wọn lómi o, ó lè gba ọ̀nà òdì! Oyin wà lórí àpótí nínú kíṣìnnì. Ẹ dà wọ́n dẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ fi ìka ra oyin náà díẹ̀díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nínú. Kẹ́ ẹ wá ọkọ̀, ẹ máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mo ń bọ̀."

Ọlọ́kadà ti ń yọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń tẹ fèrè léraléra. Oyèníran ń tún orúkọ pè jẹ́ẹ́, "Màmá, Màmá," bí ọmọdé.

"Wọ́n mi orí," Hamdalah ní. "Àǹtí Súmbọ̀, wọ́n mi orí."

Ní ọsibítù, dókítà fa omi ṣúgà sí Màmá lára. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti lajú, wọ́n ń béèrè ẹni tó bọ́ fìlà lórí àwọn. Oyèníran ní kí Súmbọ̀ gbé fóònù fún Sódìq. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ń tọrọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa parí ẹ̀ sí. Sódìq gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá ti lajú. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ ná," ó sì dá fóònù padà. Ó dágbére fún Màmá, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ. Súmbọ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú rẹ̀. Kò dá a lẹ́bi.

Nígbà tí Màmá padà sílé, àwọn fúnra wọn ló pe ọmọ wọn.

"Kámẹ́rà yẹn, ó ràn mí lọ́wọ́. Mi ò ní purọ́," wọ́n ní. "Èmi ni mo ń ṣàìsàn, kó máa wò mí. Ẹ gbé e lọ sí yàrá mi. Ṣùgbọ́n kí ohùn má jáde lára ẹ̀ mọ́ o. Tó o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, pè mí. Ìyàwó ẹ ò ṣàìsàn, fi í lọ́rùn sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Súmbọ̀ gba fóònù, ó bọ́ sínú pálọ̀. Ihò ìṣó ṣì wà lára ògiri níbi tí wọ́n ti tú nǹkan náà. Ó jókòó lórí àga, ó na ẹsẹ̀.

"Ẹ ti bẹ Ẹ̀gbọ́n Sódìq," ó ní. "Ẹ ò tíì bẹ èmi."

"Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gbé níbí, Súmbọ̀," Oyèníran ní. "Mo máa ń tibi iṣẹ́ dé, kò ní í sí ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀. Màá wá ṣí i, màá máa wo yín. Tí mo bá rí i tó ò ń rẹ́rìn-ín, tí mi ò mọ ohun tó ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, inú á máa bí mi. Má bínú."

"Ẹ ò bi mí rí. Ẹ̀ ń wò mí ni."

"Òótọ́ ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lónìí?"

Inú Súmbọ̀ kò tíì yọ́, ó sì fẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa oníbàárà kan tó bá òun fà á torí ọrùn bùláòsì, tó gbé aṣọ náà wọ̀ tán tó wá rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló wọ iwájú aṣọ sí ẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí Oyèníran rẹ́rìn-ín.