Ògiri Tí Àwọn Adìyẹ Guirong Ń Jẹ

Guirong ti ìka bọ inú ihò náà, ìka sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán kó tó kan bíríkì. Ihò náà kì í ṣe ọ̀kan. Láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná títí dé igun ilé, gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri tó kọjú sí àríwá ti rí jákujàku bí aṣọ tí eku jẹ. Pátákó fóòmù funfun tí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ilé kí òtútù má baà wọlé ni àwọn adìyẹ ń ṣá jẹ. Ẹ̀rún rẹ̀ kún ilẹ̀ bí yìnyín tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Pupa, àgbébọ̀ ńlá tó jẹ́ olórí wọn, dúró tì í, ẹ̀rún fóòmù kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń wò ó láìtijú.

"Kí lo rí níbẹ̀ tó dùn tó báyìí?" Guirong bi í.

Òun náà já díẹ̀ nínú fóòmù, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ wò. Kò dùn, kò kan. Ó tu ú dànù.

Hongbo ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Shenyang, ló ní kí wọ́n lẹ fóòmù náà nítorí Yawen ìyàwó rẹ̀. Ìlú tó móoru ní gúúsù ni wọ́n ti bí Yawen, òtútù abúlé yìí sì fojú rẹ̀ rí màbo lọ́dún tó kọjá. Ní báyìí, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìkẹyìn, ó sì ti wá sọ́dọ̀ Guirong. Wọ́n ti jọ fi àdéhùn sí i pé bó bá bímọ tán, ilé Guirong ni yóò ti jókòó oṣù, oṣù tí abiyamọ kì í jáde síta, tí atẹ́gùn tútù kò gbọdọ̀ fẹ́ sí i, tí yóò máa mu ògì jéró pẹ̀lú ṣúgà pupa, tí yóò sì máa jẹ ẹyin adìyẹ tó ń rìn kiri nílẹ̀, kì í ṣe ti inú àgò. Ìdí nìyẹn tí Guirong fi sin àwọn adìyẹ wọ̀nyí. Ó ti bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ yìí títí orúnkún rẹ̀ fi le. Wàyí o, àwọn adìyẹ tó yẹ kó bọ́ abiyamọ ló ń jẹ ilé mọ́ ọn lórí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn kò lè rẹ́ ògiri náà ní sìmẹ́ńtì mọ́, pé òtútù ti mú jù, sìmẹ́ńtì kò ní gan, àfi bí ìgbà òtútù bá lọ. Hongbo pè lórí fóònù, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Kí ìyá òun pa àwọn adìyẹ náà tán, kí wọ́n máa ra ẹyin lọ́jà, tàbí kí Yawen gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní gúúsù. Yawen fúnra rẹ̀ kò sọ pé òun ń lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, kò tíì tú àpò rẹ̀, kò sì fẹnu kan ẹyin.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Ṣé fóòmù ni kí n wá máa jẹ ni?"

Bàbá Luan, aládùúgbò wọn, ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kí wọ́n fi ata kun ògiri, kò sí ẹnu tó lè gbà á. Guirong lọ ata, ó pò ó mọ́ omi, ó fi kun gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ta á títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn adìyẹ ti ya bo ògiri náà, wọ́n ń ṣá a jẹ bí ẹni tí wọ́n ṣe lálejò.

Bàbá Luan yọrí láti orí ọgbà, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ìyá Hongbo, o ṣeun o. Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ láìsí ọbẹ̀ tẹ́lẹ̀, o wá bá wọn sè é."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Ẹnu ni mo sọ. Ṣé ẹnu ni àgógó adìyẹ? Ata kì í ta á."

Guirong há wọn mọ́lé. Wọ́n dẹ́kun yíyé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara wọn tu. Ó tún tú wọn sílẹ̀, ó ń wá ọ̀bẹ kiri, ó rí i, ó sì gbé e padà síbi tó wà.

Yawen ló gbé àpótí síta, ó wé ara rẹ̀ sínú ẹ̀wù òtútù Hongbo, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó jókòó bí ẹni tó ń wòran. Ó ní ariwo ṣíṣá wọn kì í jẹ́ kí òun sùn, òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń rò. Nígbà tó yá, ó pe ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Fóòmù kan náà ló wà lára ògiri ọ̀hún, èyí tó kọjú sóòrùn. Wọn ò fọwọ́ kàn án rárá."

Guirong lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ògiri náà funfun, ó ń dán, oòrùn ń yá a. Kí ló wá dé tó jẹ́ ibi tó tutù ni wọ́n ń dúró sí? Àwọn méjèèjì ronú ronú, kò yé wọn. Guirong wọlé lọ palẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ mọ́. Nígbà tó tún ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kò tíì yọ ẹsẹ̀ kejì tí gbogbo adìyẹ fi sáré wá tò sídìí ògiri. Èèpo ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fọ́n ọn sídìí ògiri, ó ń bọ̀ wálé.

"Màmá," Yawen ní jẹ́jẹ́. "Kí lẹ fọ́n síbẹ̀ yẹn?"

"Èèpo ẹyin ni. Kí èèpo ẹyin tiwọn náà lè le."

"Ṣé ibẹ̀ lẹ máa ń fọ́n ọn sí?"

"Àtìgbà tí wọ́n ti mú mi wọlé yìí níyàwó. Ìyá ọkọ mi náà, ibẹ̀ ló ń fọ́n ọn sí. Ẹfun la sì fi ń kun ògiri náà nígbà yẹn, wọ́n á jẹ èèpo tán, wọ́n á wá máa ṣá ẹfun tó bá ń ṣí..."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, tí ìyẹ̀fun èèpo ẹyin ṣì funfun lára rẹ̀, ó wo Pupa, tó ti ṣa ilẹ̀ tán, tó wá gbójú sókè sí fóòmù.

"Èmi ni mo kọ́ wọn," ó ní.

Yawen bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ìyá ọkọ rẹ̀ náà kò sì mọ ìgbà tó bá a dá sí i.

Ọjọ́ yẹn náà ni Guirong yọ nẹ́ẹ̀tì gbogbo fèrèsé, nítorí ẹ̀fọn kì í sí nígbà òtútù. Ó fi ìṣó gígùn kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, kí amọ̀ lè rí nǹkan dì mú. Bàbá Luan gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, ó ń ṣàwàdà pé bí wọ́n bá tún jẹ èyí, òun náà á wá jẹ níbẹ̀. Guirong fi ẹsẹ̀ pò ó mọ́ amọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé bàbá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ́ ògiri náà nígbà tí oòrùn ṣì mú. Ògiri di aláwọ̀ ilẹ̀ títí dé ìbàdí ènìyàn. Kò lẹ́wà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn adìyẹ tún tò síbẹ̀, wọ́n ń wo amọ̀. Guirong dúró lẹ́yìn àká àgbàdo, ó gbọn abọ́ èèpo ẹyin, ó ń kì wọ́n:

"Pupa arẹwà, a-jí-kí-oòrùn-tó-jí, a-fẹsẹ̀-walẹ̀-bí-ẹni-tówó-bọ́-lọ́wọ́-rẹ̀, ìyá ẹlẹ́yin rẹ̀gẹ̀jì, má wo ọ̀hún mọ́. Ẹlẹ́dàá tó dá ẹ kò fi ilé ṣe oúnjẹ rẹ. Yà síbí."

Ó pẹ́ kí Pupa tó yà. Nígbà tó yà, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ńkọ́? Wọ́n tún gba ọ̀dọ̀ ògiri lọ. Àfi sùúrù. Guirong kì wọ́n láràárọ̀ títí Bàbá Luan fi há oríkì náà sórí, tó ń bá a gbè é láti ọgbà tirẹ̀.

Ó wá di àárọ̀ kan tí àwọn adìyẹ gba ẹ̀yìn àká lọ tààrà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Yawen rí wọn láti ojú fèrèsé. Ó jókòó sórí ibùsùn bíríkì tí iná ń yá lábẹ́ rẹ̀, ó mú ẹyin sísè kan, ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó kó èèpo rẹ̀ sọ́wọ́, ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màmá, ní oṣù tí mi ò ní lè jáde yẹn, ẹ̀yin lẹ máa bá mi da èèpo mi nù o. Ẹ̀yìn àká ni. Ẹ má jẹ́ kọ́wọ́ yín tún gbàgbé."

Guirong ní òun ti gbọ́. Ó yíjú sí iná, ó sì fi ẹyin méjì kún èyí tó wà nínú ìkòkò.