Àpòòwé Méjì: Ṣáájú àti Lẹ́yìn

4.

…tó sì jẹ́ pé ọṣẹ náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ má bínú, ìparí nìyẹn. Bí ìwé wọ̀nyí ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ṣe ń tò wọ́n. Bí ọ̀kan bá fò, ẹ bá mi fò ó.


1.

ÌKÉDE
(wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ)

Akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àwùjọ kan, tó ń ṣe oyè ìjìnlẹ̀ kejì, ń bọ̀ wá sí àdúgbò yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Yóò bi yín ní ìbéèrè. Yóò kọ́ yín bí a ti ń fọwọ́. Yóò tún bi yín ní ìbéèrè kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ pé: *Àwa tí a ti ń fọwọ́ kí wọ́n tó bí i ńkọ́?*


2.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kìíní, wọ́n ti sọ ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ náà ní Ọlọ́ṣẹ. Ó ga bí òpó iná. Bọ́kẹ́ẹ̀tì alátápù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, páálí ọṣẹ wà lọ́wọ́ òsì, ogójì fọ́ọ̀mù wà lábẹ́ abíyá, àfi bí ẹni tó ń kó kúrò nílé ọkọ.

Ohun kan ló ń lé e. Lọ́dún tó kọjá, ó fìdí rẹmi. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, ilé-ẹ̀kọ́ á ní kó máa lọ sílé, oyè á sì di àwátì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, ló fún un ní yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Fọkàn balẹ̀," ni Ìyá Aránṣọ wí. "O ti yege."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ síbì kan.


3.

FỌ́Ọ̀MÙ (ìbéèrè kan ṣoṣo)

Lánàá, ní gbogbo ìgbà tí ẹ fẹ́ jẹun tàbí bọ́ ọmọ, ṣé ẹ fi ọṣẹ fọwọ́?

☐ Bẹ́ẹ̀ ni  ☐ Bẹ́ẹ̀ kọ́

Àpòòwé ṢÁÁJÚ: bẹ́ẹ̀ ni, 38. Bẹ́ẹ̀ kọ́, 2.

(Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lọ́wọ́, kò sì fẹ́ gbà fún ẹnikẹ́ni.)


5.

Ó kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko.

Lọ́jọ́ kan, ó fi èédú lílọ̀ pa àtẹ́lẹwọ́, ó ní kòkòrò àìsàn nìyẹn. Ó bọ ẹni kìíní lọ́wọ́, ẹni kìíní bọ ẹnì kejì, títí dé orí káfíńtà tó jẹ́ ẹnì kẹwàá. Ẹ̀pà ni káfíńtà ń jẹ lọ́wọ́. Irungbọ̀n tí Ọlọ́run fi dù ú láti ogójì ọdún, ó hù ú lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi já bọ́ lórí àga.

Ọlọ́ṣẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Èmi tí mò ń kọ́ yín yìí, lánàá, ebi ń pa mí. Mi ò fọwọ́."



Káfíńtà fò dìde. "Ọlọ́ṣẹ ò fọwọ́! Ẹ̀yin ará, ara tù mí. Èmi ò fọ̀ ọ́ rí!"


6.

Àpòòwé LẸ́YÌN: bẹ́ẹ̀ ni, 11. Bẹ́ẹ̀ kọ́, 29.


7.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un kà.


8.

ỌLỌ́ṢẸ: Màmá, mo ti kú.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ikú ò ní pa ẹ́. Jókòó, má tẹ aṣọ oníbàárà mọ́lẹ̀.

ỌLỌ́ṢẸ: Méjìdínlógójì ló ń fọwọ́ kí n tó kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn tán, ó ku mọ́kànlá!

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Àwọn tàkọ́kọ́ yẹn… èmi ni.

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ̀yin báwo?

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé kó o tó dé. Mo ní ọmọ àbúrò mi ń ṣèdánwò, ẹ bá mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló máa rí ọmọ tó ń ṣèdánwò tí ò ní ràn án lọ́wọ́?

ỌLỌ́ṢẸ: Yé! Kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kejì?

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ tìẹ. A ò lè purọ́ fún ẹ mọ́. Àwọn mọ́kànlá yẹn, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Kó o tó dé, mi ò lè ka mẹ́ta.

ỌLỌ́ṢẸ: Fọ́ọ̀mù tiyín ńkọ́?

(Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.)

ÌYÁ ARÁNṢỌ: "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ni mo mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbẹ́ gbuuru gbé ọmọ-ọmọ mi dé ọsibítù lọ́dún yìí. Mò ń sọ pé eyín ló ń hù. Eyín wo ló ń hù lójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta?


9.

Àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ló bẹ̀rẹ̀.

— Mo rí èsì fọ́ọ̀mù rẹ. Ṣé o kọ́ wọn ni, àbí o gba ọpọlọ lọ́wọ́ wọn?
— Ẹ má bínú sà. Òótọ́ ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kejì, sà.
— Ìgbìmọ̀ ìdánwò ò ní gbọ́ àlọ́. Ṣáájú gbọ́dọ̀ kéré, Lẹ́yìn gbọ́dọ̀ pọ̀.
— Bóyá o ṣi orúkọ lẹ̀ mọ́ àpòòwé.
— Mi ò ṣì í lẹ̀, sà.
— Mo ní BÓYÁ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé ẹ lọ sílé. Àárọ̀ àárọ̀ ni bàbá rẹ ń pè mí.
— Ìgbìmọ̀ á jókòó ní Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá.


10.

OHUN TÓ NÍLÒ LÁTI YEGE

sẹ́lótéèpù, ìwọ̀n ìka méjì, láti fi pààrọ̀ orúkọ ara àpòòwé
ìṣẹ́jú kan
ojú tí kò ní lè wo Ìyá Aránṣọ mọ́


11.

Ọjọ́ Ẹtì. Ọlọ́ṣẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó fi ọṣẹ tuntun sórí ìdérí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún wọlé, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lára wọn, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ bisikíìtì. Ìyá Aránṣọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tí oníbàárà kan kò tíì wá gbà.

ALÁGA: Àpòòwé dà?

(Ọlọ́ṣẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì. Ó dojú orúkọ wọn bolẹ̀.)

ALÁGA: Èwo ni Ṣáájú?

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣé ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹ bisikíìtì yẹn?

ALÁGA: Há! Ṣé ọmọdé ni wá ni?

ỌLỌ́ṢẸ: Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́, ẹ dákun, ẹ nawọ́ sókè.

(Ọwọ́ márùn-ún. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ló yá jù.)

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ibi bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo jókòó sí láti àárọ̀.

Gbogbo ojú yí sẹ́nu ọ̀nà. Omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu. Ẹ wo ọṣẹ lórí ìdérí. Ẹ padà sí nọ́ńbà kẹrin.


12.

Ọlọ́ṣẹ yí àpòòwé sójú. Sẹ́lótéèpù wọn kò ṣí rárá.

ỌLỌ́ṢẸ: Èyí ni Ṣáájú, sà. Méjìdínlógójì.


13.

Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wálẹ̀.

márùn-ún

  mẹ́rin

    mẹ́ta

      méjì

        ọ̀kan


14.

FỌ́Ọ̀MÙ ÌGBÌMỌ̀

Iṣẹ́ àwùjọ: ó ṣe é.
Èsì akẹ́kọ̀ọ́: ______________
Ìfọwọ́sí alága: ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.