Pátákó Tí Kò Lámì

Ilé tí Ìyá Orí-Òkè fi ń gba àlejò wà lókè téńté, ó kọjú sí ibùdókọ̀ ìlú nísàlẹ̀. Yàrá márùn-ún ló ní, fèrèsé wọn sì ń gba atẹ́gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá sùn síbẹ̀ kì í rántí fáànù. Ilé náà ò ní àléébù kankan. Ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọkọ̀ ò lè gun òkè yẹn. Àtẹ̀gùn olókùúta ni wọ́n kọ́ sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èèyàn á gùn ún títí, á dúró sinmi, á gbójú sókè, á rí i pé òun ò tíì dé ìdajì. Atẹ́gùn ń pe àlejò, àtẹ̀gùn ń lé e.

Èrò ò sì wọ́n ní ibùdókọ̀ náà. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á wo ilé tó ń dán lókè, wọ́n á ní, "Ibẹ̀ yẹn á mà dùn ún sùn o." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo báàgì onítáyà tí wọ́n ń wọ́ kiri. Táyà kì í gun àtẹ̀gùn. Wọ́n á padà sínú ọkọ̀, ó di ìlú tó kàn.

Díẹ̀díẹ̀, ilé àlejò di ilé aláǹgbá. Ọkọ Ìyá Orí-Òkè ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní ìlú ńlá. Nígbà tí ọmọ yìí wá kẹ́yìn, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó jókòó sí láàárín àtẹ̀gùn, tó di orúnkún mú, tí kò lè lọ sókè, tí kò lè lọ sísàlẹ̀. Ọmọ náà ò pariwo. Ó mú ìyá rẹ̀ dé ilé, ó fi epo ra orúnkún rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé báàgì aláwọ̀ búlúù kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Màámi, tí òjò ọdún yìí bá dá tí kò sí àlejò, ẹ máa ti ilé yìí, ẹ máa bá mi lọ. Yàrá mi ò fẹ̀. Ohun tó bá wọ inú báàgì yìí nìkan ni kẹ́ ẹ kó."

"Gbogbo ohun tí mo fi ayé mi kó jọ?"

"Ohun tó bá wọ̀ ọ́, Màámi."

Ìyá gbà. Èèyàn ò lè máa bá ọmọ jiyàn lórí orúnkún tí ọmọ ti fojú ara rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di báàgì náà. Ó rọrùn láti sọ fún èèyàn pé kó di ẹrù tó fúyẹ́. Kí ẹni tó ń sọ ọ́ wá dì í wò. Ó kó kaba ìwọ̀sùn rẹ̀ tuntun sí i, tówẹ̀lì tó nípọn, sálúbàtà, agbòjò. Ó wá ku súwẹ́tà ọkọ rẹ̀, èyí tí bọ́tìnì kan lára rẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Súwẹ́tà yìí nìkan fẹ́ gba ìdajì àyè. Ó yọ ọ́, ó dá a padà, ó tún yọ ọ́, ó tún dá a padà. Nígbẹ̀yìn, àfi ìgbà tó jókòó lé báàgì náà lórí kí síìpù rẹ̀ tó pa dé.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilé rẹ̀ láìjà. Ìyá Orí-Òkè bá alábàárù kan sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀, pé kó máa bá àlejò gbé ẹrù gòkè. Lẹ́yìn náà ló wá ọkùnrin tó ń kọ pátákó nílùú lọ. Kọ-ọ́-Kíá ni gbogbo ayé ń pè é.

"Kí ni kí n kọ, Ìyá?"

"Kọ ọ́ pé ilé àlejò wà lókè. Pé ẹ máa gbé ẹrù wá, a ti ní alábàárù."

"Ó ti gùn jù. Pátákó yín ò gba gbogbo ìyẹn."

"Yọ alábàárù kúrò nígbà náà. Tí wọ́n bá ti ń gbé ẹrù bọ̀, wọ́n á rí i."

Kọ-ọ́-Kíá kọ ọ́, ó sì rì í mọ́ ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn níbi tí gbogbo èrò ti lè rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́tà pupa gàdàgbà lórí funfun: ILE ALEJO WA LOKE. E MA GBE ERU WA. Àmì ohùn ni kò sí níbẹ̀. Kọ-ọ́-Kíá kì í fi àmì sí nǹkan. "Àmì ń jẹ ọ̀dà," ló máa ń sọ. "Ẹni tó bá gbọ́ èdè, kó fi ẹnu ara rẹ̀ fi àmì sí i."

Èrò ọkọ̀ sì fi ẹnu wọn fi àmì sí i lóòótọ́. Ṣàṣà ni ẹni tó ka "ẹ máa." Ọ̀pọ̀ wọn ló ka "ẹ má gbé ẹrù wá," wọ́n ní irú ilé àlejò wo lèyí tó ń lé ẹrù àlejò. Awakọ̀ kan tó máa ń ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan ní àwọn olè ni wọ́n ń bá wí: "Ẹ má gbé ẹrù wa." Ó ní ilé tó bá ń bẹ olè báyìí, wọ́n ti ní láti jà á lólè rí.

Alábàárù ló gbé ìròyìn náà gòkè. Ìyá Orí-Òkè sọ̀ kalẹ̀ torúnkún torúnkún, ó lọ dúró lé Kọ-ọ́-Kíá lórí.

"Máa ni mo ní kó o kọ. Má lo kọ."

"Ìyá, bákan náà ni wọ́n rí."

"Lójú tìẹ ni. Àlejò tí mo fi ẹnu mi pè, o ti fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ lé e."

Kọ-ọ́-Kíá tọrọ àforíjì, ó ní lọ́la lòun máa tún un ṣe. Orúkọ rẹ̀ ò kan àtúnṣe. Ọ̀la rẹ̀ lọ, ọ̀la mìíràn dé, pátákó wà bó ṣe wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn lókè. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó ń mí hẹlẹ, pọ́ọ̀sì kékeré kan ló fi kọ́ ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo.

"Ẹ kú ilé o. Ẹ ní ká má gbé ẹrù wá, mo ti gbọ́ràn. Mo kó tèmi sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ibo ni mo ti máa wẹ̀?"

Ìyá Orí-Òkè la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n àlejò ti ń bọ́ bàtà.

"Agbẹ̀bí ni mí," ni obìnrin náà ń wí. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí, n ò jáde nílé rí kí n má gbé àpò. Mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, àpò. Mò ń lọ síbi ìgbéyàwó, àpò. Nígbà tí mo ka pátákó yín, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní, ta ló mọ̀ mí níbí?"

Ta ló máa wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó padà lọ gbé ẹrù rẹ̀? Ìyá Orí-Òkè ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ n gbé omi yín síta." Ó sáré wọ yàrá. Gbogbo ohun tó dára tó ní ló wà nínú báàgì búlúù. Ó já síìpù rẹ̀, ó mú tówẹ̀lì, ó mú kaba, ó mú sálúbàtà.

Nírọ̀lẹ́, òtútù mú. Agbẹ̀bí jókòó síta, ó ń wo ìlú, ó ká apá mọ́ra. Súwẹ́tà nìkan ni aṣọ tó kù nínú báàgì. Ìyá Orí-Òkè dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò fẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì wọ̀ ọ́ láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè rí ẹni tí òtútù ń mú kó máa gbá aṣọ mọ́ àyà. Ó gbé e fún un.

"Bọ́tìnì yìí yàtọ̀ o," ni agbẹ̀bí wí.

"Ọkọ mi ló rán an fúnra rẹ̀. Ó ní tóun bá sọnù láàárín èrò, bọ́tìnì yẹn ni kí n fi wá òun."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ya Ìyá Orí-Òkè lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tó ti dárúkọ ọkọ rẹ̀ láìsunkún. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀ lọ rìn kiri ìlú. Ẹni tí kò gbé nǹkan kì í kánjú. Ó jókòó ti aránbàtà, ó bá ìyá ọlọ́mọ kan gbé ọmọ, ó ra bàtà tí kò ní i lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun ò tíì sinmi báyìí rí láyé òun. Agbẹ̀bí mọ ilé púpọ̀, kò sì sí ilé tó dé tí kò ti ròyìn.

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Tọkọtaya kan dé tó jẹ́ pé ẹrù dídì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan jà sí lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan dé lọ́wọ́ òfo. Báàgì búlúù ń fà gbẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń bọ́ sí yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ń rán kaba ìwọ̀sùn sí i, alágbàfọ̀ ń rí aṣọ fọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ti ń ṣèpàdé lórí bí àlejò ṣe máa wá láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Wọ́n ní ìlú ò ní ìsun omi tó ń já láti òkè, kò ní ilé àtijọ́; òkúta kan tí wọ́n ní ó jọ erin ló ní, ẹni tó bá sì fẹ́ rí erin yẹn, àfi kó kọ́kọ́ dijú. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí àlejò ń wá ni ibi tó ti máa sọ ẹrù.

Kọ-ọ́-Kíá tó pẹ́ títí wá mú ọ̀dà dé. Ó fẹ́ fi A kún MA. Ìyá Orí-Òkè ké sí i láti òkè pé kó dáwọ́ dúró.

"Àṣìṣe ni mo fẹ́ tún ṣe, Ìyá."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Òjò ọdún náà dá. Ọmọ dé láti ìlú ńlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun náà ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́.

"Báàgì rẹ dà?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ onítíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ká má gbé ẹrù wá."

Ó wo sálúbàtà tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó wo aṣọ tí wọ́n sá. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì búlúù, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i.

"Màámi, ẹ ò tíì di ẹrù."

"Mo dì í. Àwọn àlejò ló wọ̀ ọ́."

Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báàgì lórí itan. "Mo mọ̀ pé mo ní tí àlejò bá wà, ẹ lè dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò. Ojoojúmọ́ ni mò ń fojú inú rí yín lórí àtẹ̀gùn yẹn. Tí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi."

Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. "Alábàárù tí mo ní kó máa gbé ẹrù, kò rí ẹrù gbé mọ́. Òun ló ń bá mi ra ọjà gòkè. Ó pẹ́ tí orúnkún mi ti rí àtẹ̀gùn. N ò sì dá sùn nínú ilé yìí mọ́." Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè. "O ò ka pátákó yẹn tán. Ẹrù àti ẹ̀rù, bákan náà ni Kọ-ọ́-Kíá ń kọ wọ́n. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ gòkè wá níbẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó wẹ̀ tán tí kò ní aṣọ tó máa wọ̀, súwẹ́tà bàbá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbé fún un. Ọṣẹ alágbàfọ̀ ló ń rùn. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnì náà, ó sì sùn pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sọ bóyá òun gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Orí-Òkè ò bá a nílé. Báàgì búlúù ò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Ó dúró lójú fèrèsé, ó rí i tí ọkọ̀ ìlú ńlá yí orí kúrò ní ibùdókọ̀. Ó ní ọmọ òun ti bínú lọ, kò tiẹ̀ dágbére. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ tó máa ṣe.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ẹni tó ru nǹkan tó wúwo. Ó jáde. Ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀, súwẹ́tà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, báàgì búlúù wà lórí rẹ̀, ó kún débi pé síìpù ò pa dé. Tówẹ̀lì tuntun yọ lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú kaba ìwọ̀sùn tí aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán.

"Ẹ má bínú, Màámi," ló wí. "Mo gbé ẹrù wá."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.