Agogo Pavlov ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Bí Dókítà Adéníran ti lu agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀ báyìí, màmá rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má kúnlẹ̀. Oúnjẹ ni mo fi ń pè yín."

Wọ́n ti dijú, wọ́n ti tẹrí ba, ètè wọn ń mì. Ìyá Ìjọ ni wọ́n, ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti ń wọ aṣọ funfun. Bí agogo bá ti dún, àdúrà ló kàn. Ìkọ́kọrẹ́ tó wà níwájú wọn ń tutù lọ.

Adépéjú, àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ níwájú ilé, fọwọ́ bo ẹnu. "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló ní kí ẹ máa lu agogo fún Ìyá Ìjọ?"

"Pavlov ni. Ọ̀gá ni ní Rọ́ṣíà. Ó máa ń lu agogo kó tó fún ajá lóúnjẹ, títí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ajá náà bó bá ti gbọ́ agogo lásán."

"Ajá."

"Ìlànà ni mò ń sọ, Péjú."

"Mo gbọ́, sà. Ajá tiwọn kì í ṣe Aládùúrà ni."

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá Zechariah, ọkọ Màmá, ni Màmá ti ń ti abọ́ sẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó wá di ẹ̀kọ díẹ̀, ó wá di omi nìkan. Adépéjú sọ pé ilé ìwòsàn ló kàn. Ṣùgbọ́n Adéníran ti wọkọ̀ dé láti Àgọ́-Ìwòyè, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìtàn àwọn tó dá ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá sílẹ̀. "Ọkàn ló ń ṣe Màmá," ó wí, "ọkàn sì ni iṣẹ́ mi." Ó tún un sọ níwájú àwọn àgbà ìjọ tó wá kí wọn, gbogbo wọn sì mi orí pé òótọ́ ni. Orí tí wọ́n mì yẹn dùn mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Ó tilẹ̀ ti fún ìwé tí yóò kọ nípa ìwòsàn Màmá lórúkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bọ́ sọ́dọ̀ Freud, ọ̀gá mìíràn tó máa ń ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ Màmá sórí àga gígùn, òun jókòó sẹ́yìn orí wọn.

"Ẹ sọ ohunkóhun tó bá wá sí yín lọ́kàn, mà."

"Èé ṣe tí o fi sá sẹ́yìn mi?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ṣé inú máa ń bí yín sí bàbá yín?"

"Bàbá mi? Bàbá mi tó ti kú kí n tó lóyún rẹ? Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ, Adéníran?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó kan Rogers, ẹni tó ní kí á fetí sí aláìsàn, kí á dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rí ọ̀nà àbáyọ.

"Ọ̀fun mi kò gbà á," ni Màmá wí.

"Ẹ ń sọ pé ọ̀fun yín kò gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

"Ẹ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ lẹ wí."

Màmá rọra yíjú sí Adépéjú. "Péjú, ṣé kì í ṣe pé etí ń dun ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Adépéjú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo ọrùn wọn."

"Adéníran," Màmá wí, ohùn wọn ti tín-ín-rín, "ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, bàbá rẹ ló máa ń kọ́kọ́ bu òkèlè. Bó bá ti bu tirẹ̀, èmi náà á fọwọ́ kan tèmi. Báyìí mo jókòó ti abọ́, mi ò rí ọwọ́ ẹni tí yóò ṣáájú mi."

Adéníran wá gbogbo àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú orí, láti Jámánì dé Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún un. Ó fọwọ́, ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó bu òkèlè, ó gbé e mì. Màmá wò ó tán.

"O ṣeun, ọmọ mi." Ọwọ́ wọn kò kúrò lórí itan wọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde lọ sẹ́yìnkùlé, orúnkún wọn kọ̀. Adéníran gbá wọn mú. Wọ́n ti fúyẹ́ débi pé ẹ̀rù bà á láti dì wọ́n mú dáadáa.

"Péjú, pe kẹ̀kẹ́!"

Adépéjú ti wà ní títì.

Ní ilé ìwòsàn, Adépéjú lọ gba káàdì. Nọ́ọ̀sì kan ń wá iṣan ní apá Màmá, ó wá a títí. Ó gbé bírò. "Ọjọ́ wo ni wọ́n jẹun kẹ́yìn, sà?"

Adéníran la ẹnu. Ó mọ ọdún tí Wundt ṣí yàrá ìwádìí àkọ́kọ́ fún ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá. Ó mọ ọdún tí Freud sá kúrò nílùú rẹ̀, ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà. Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà, Adépéjú kò tíì dé.

"Sà?"

"Mi ò mọ̀."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.