Àmín Etí Kejì

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé bí eṣinṣin bá fẹ́ bà lé aṣọ tábìlì Olúwa, àfi kó kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ náà. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ló fi ń jẹun láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ọ̀sán Àbámẹ́ta, ti Ọlọ́run nìkan ni.

Aṣọ náà gùn gan-an. Ọwọ́ kan ò sì gbẹ́rù dórí: ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ ká a, kó má baà kan ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fi di etí kejì mú. Àdúrà ni wọ́n fi ń ká a. Ìyá á bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan, ọmọ á ní "Àmín," wọ́n á ṣẹ́ ẹ po. Ìṣẹ́po mẹ́fà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́fà. Bí ebi bá ti ń pa ọmọ, á ti ṣe àmín kí ìyá tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá á sì fojú bá a wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú ọmọ náà lọ. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá fi gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ń wá sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ta ló sọ fún wọn pé agbè ò fọ́? Láti ọjọ́ náà, kò bá Ọlọ́run sọ nǹkan kan mọ́. Ó ń fọṣọ, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń há etí kejì mọ́ ìṣó ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì ń dá a ká láì la ẹnu.

Ní Àbámẹ́ta kan, pásítọ̀ wọlé.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. A rí ihò létí aṣọ. Àwọn àgbà ìjọ ní kẹ́ ẹ sinmi, pé ká gbé e fún ẹlòmíì."

"Kí ni mo wá fẹ́ máa fún Un, pásítọ̀? Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Iṣẹ́ yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ fẹ́ gba ìyẹn náà?"

Pásítọ̀ wo ìṣó, ó wo aṣọ tó há síbẹ̀. Oníwàásù bíi tirẹ̀, kò wàásù. Ó tú aṣọ náà, ó di etí kejì mú.

"Ó yá, màmá."

Obìnrin náà di etí tirẹ̀ mú.

"Olúwa, mo bínú sí Ọ."

"Àmín," ni pásítọ̀ dá a lóhùn.

Wọ́n ṣẹ́ ẹ po.

"Mo gbààwẹ̀. O ń wò mí, O sì mú un lọ."

"Àmín."

"Ilé mi dákẹ́ jù."

"Àmín."

Ìkẹrin àti ìkarùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀, ẹkún ni. Omijé kán sórí aṣọ funfun náà.

"Yéè! Ẹ jẹ́ n tún un fọ̀."

"Ẹ fi sílẹ̀, màmá. Bó ṣe wà yẹn la ó ṣe tẹ́ ẹ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tún wá dì í mú."

Ó ku ìṣẹ́po kan.

"Olúwa," obìnrin náà rọra sọ ọ́, "ọmọ tó wà lọ́dọ̀ Rẹ yìí..." Ó dánu dúró, ó ń retí kí àmín já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi tàtijọ́. Pásítọ̀ náà dúró, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "...bá mi tọ́jú rẹ̀."

Ìgbà tó sọ ọ́ tán pátápátá ni pásítọ̀ tó ṣe àmín. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti mọ̀ dájú pé ọmọ òun ti lọ.